Ọmọ Yìí Kò Rìn Lójú Oorun Rí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ sì bá mi ti fèrèsé yẹn kí ariwo títì má baà bo ohùn mi mọ́lẹ̀, torí ohùn náà kò lágbára mọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé ó lè dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ fi ọkàn náà ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún ló mú kí n ránṣẹ́ pè yín. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé bí Ìyá Alágbàfọ̀ bá ti sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wádìí rẹ̀ mọ́, òní ni kí ẹ wádìí rẹ̀. Odidi ọmọ ènìyàn ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi dè mọ́lẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi di baba ọmọ. Mo sọ pé ọmọ ọmọ mi ń rìn lójú oorun. Kò rìn rí. Ọlọ́run tó ń rí ìkọ̀kọ̀ mọ̀ pé kò rìn rí, èmi náà sì mọ̀ ọ́n kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin kan mọ ilé wa nígbà yẹn, ẹ̀yin kan kò mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wà nísàlẹ̀, àwa ń gbé lókè rẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù á sì máa gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá bá wa, débi pé gbogbo yàrá máa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin mi tó jókòó sẹ́yìn yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Láàárọ̀, òun á máa bọ̀, ọmọ rẹ̀ á máa lọ sílé-ìwé, wọ́n á pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á dì mọ́ra, ó di ọjọ́ kejì. Àna mi, bàbá ọmọ náà, iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Bí ẹni rí àlejò la máa ń rí i. Nítorí náà èmi ni mo ni ọmọ náà. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, "èmi ni mo ni ín." Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá mi ló ń sùn, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọkọ mi ni mo sì máa ń pè é. Àmọ́ orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ni Kí-nì-yẹn, torí kò sí ohun tí kì í béèrè. Mo rántí ọjọ́ kan tó dúró tì mí níbi okùn aṣọ, ó ní, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí aṣọ tútù fi máa ń dúdú ju gbígbẹ lọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ta ló wá mọ̀ ọ́n?" Mo ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá ń gbàdúrà lọ́la, ṣé ẹ lè bá mi bi í?"

Olùkọ́ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin tó wà lórí òkè fún ìyá rẹ̀. Èmi ti mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tipẹ́ láti ara aṣọ wọn, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń fọ kóòtù wọn. Mo mọ̀ pé yíǹkì ló máa ń wà létí ọwọ́ kóòtù wọn, pé bọ́tìnnì wọn kì í já, pé àpò wọn máa ń kún fún òkúta wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ tí wọ́n ti so orúkọ mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó yẹ Kí-nì-yẹn gan-an ni, kí n má purọ́ lórí irọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń mú láàárín ogunlọ́gọ̀ tó ń béèrè ààyè, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ń gbé. Ìgbà ìsinmi gígùn nìkan ni wọ́n ń wálé. Wọ́n ní wọ́n ní yàrá kan lórí òrùlé tí wọ́n gbé ẹ̀rọ awò gígùn sí, tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti gbọ́ èyí, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. A kọrin ọpẹ́ nílé yẹn, èmi ni mo sì dá orin náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti padà sídìí tábìlì tí mo ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi ni mò ń rò, bó ṣe máa wà níbẹ̀ tí kò ní sẹ́ni tó máa sùn sórí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo pe ẹ̀rù náà ní ìfẹ́, mo sì ń bọ́ ọ.

Kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé pátápátá, ọ̀gá tó ń ṣe àbójútó ilé ibùsùn wọn máa ń ṣèbẹ̀wò sílé ọmọ náà. Ọ̀sán ló wá. Ọmọ wà nílé-ìwé, ìyá rẹ̀ ń sun oorun ojúmọmọ rẹ̀ lókè, mo sì sọ fún ọ̀gá náà pé n kò ní jí ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó níwà tútù, bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ kan sì ti fẹ́ já. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bọ́ kóòtù yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ, ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gán bọ́tìnnì rẹ̀. Ìbéèrè wọ̀ mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Bóyá ara ọmọ yẹn ni mo ti kó o. Mo ní, "Irú ọmọ wo gan-an ni ẹ kì í gbà?" Ó ní, "Màmá, ṣé èmi kọ́ ló yẹ kí n máa bi yín léèrè ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ọmọ tó ń jà, a máa ń tọ́ ọ. Ọmọ tó ń sunkún ilé, á dákẹ́ bó bá pẹ́. Ọmọ tó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, a ní aṣọ ibùsùn lọ súà. Ọ̀kan ṣoṣo ni apá wa kò ká, ọmọ tó ń rìn lójú oorun. Òkè téńté ni yàrá ibùsùn wa wà, ọmọ kan sì ti gba ojú fèrèsé jábọ́ rí, kí n tó débẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti ṣòfin lé e." Mo fi eyín gé òwú. Ó gba kóòtù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó ní, "Ọmọ tiwa yìí ńkọ́? Ṣé ó máa ń sùn dáadáa?" Mo ní, "Ó máa ń sùn, sà." Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Mo tún ní, "Àmọ́ ó máa ń dìde." Ó ní, "Dìde bíi báwo?" Mo ní, "Dìde rìn."

Mo ti ro ìṣẹ́jú yẹn títí, mo ti yí i síwá yí i sẹ́yìn bí ẹni ń wá àbààwọ́n lára aṣọ. Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? N kò ní dá Sátánì lẹ́bi. Kò sí Sátánì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi àti ọ̀gá yẹn àti áyọ́ọ̀nù nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe rọrùn tó. Mo rò pé irọ́ máa ń mú lẹ́nu bí ọtí kíkan ni. Ó dùn lọ bí orin. Ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Màmá, ẹ má tíì sọ ọ́ fáyé. Ẹ ṣọ́ ọ fúngbà díẹ̀, màá padà wá, màá rí ìyá rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀. Irú ọmọ yẹn kì í wọ́pọ̀."

Nígbà tí ọmọbìnrin mi gbọ́, ó ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún mi rí!" Mo ní, "Mi ò fẹ́ kó o máa ronú níbi iṣẹ́ ni." Nọ́ọ̀sì ni, ìbéèrè rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ṣé ojú rẹ̀ máa ń là? Ó máa ń là. Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀? Kì í sọ̀rọ̀. Ibo ló máa ń lọ? Orí àtẹ̀gùn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń bí òmíràn, èmi náà sì ń fetí sí ara mi bí ẹni pé ìtàn ẹlòmíràn ni mò ń gbọ́. Ìgbà tó kan ọmọ náà, mo rò pé ẹkún ló máa sun. Ojú rẹ̀ tàn! "Èmi? Mò ń rìn? Ìyá àgbà, kí ni mo máa ń wá lọ?" Mo ní, "Ṣé mo wà nínú rẹ ni?" Ó ní, "Bí a bá mọ ohun tí mò ń wá, a ó kúkú fún mi kí n tó sùn. N kò ní dìde mọ́ nìyẹn, wọ́n á sì gbà mí." Ẹ wò ó bó ṣe rò ó. Ìwòsàn ló ń wá, kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bu sítáàṣì gbígbẹ wá, ó sì fọ́n ọn sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn. Ó tún to sálúbàtà rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ kàn bó bá dìde, ó ní bóyá òun á wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ mọ̀ pé ìdájí ni mo máa ń jí gbàdúrà. Mo jí, ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé, ilẹ̀ funfun láìní ipa ẹsẹ̀ kankan, bí aṣọ tí ẹnì kan kò tíì wọ̀. Ọmọ náà ń sùn bí òkúta. Mo mọ̀ pé bó bá jí bá ilẹ̀ báyìí, á pariwo ayọ̀, á sì sọ fún ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ á sọ fún ọ̀gá yẹn. Mo kúnlẹ̀. Àdúrà kò wá. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo wà tí mo na ọwọ́ mú sálúbàtà rẹ̀, mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ̀ ọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lọ sórí sítáàṣì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, èmi obìnrin tó ń dá orin ní ilé Ọlọ́run, tí mò ń fi ọwọ́ rìn bí ẹran. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa ipa orúnkún mi rẹ́, mo bu sítáàṣì díẹ̀ sí i, mo fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà mo gbé orin òwúrọ̀ sókè láti fi jí i. Kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, ohùn mi kò gbọ̀n.

"Ìyá àgbà! Mo wà níbí! Ẹ wá wò mí!" Ó ti dojú bolẹ̀, ó ń fi ìka wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjì. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí lẹ́tà gbà. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. Ó ní, "Kí ló dé tí mo lọ tí n kò bọ̀?" Mo ti gbàgbé láti tẹ ipa ẹsẹ̀ àbọ̀. Mo ní, "Èmi ni mo gbé ọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì." Ó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ẹsẹ̀ tiyín dà?" Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà ló ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ni. Dípò rẹ̀ mo gbé ohùn sókè, ohùn tí n kò lò fún un rí: "Ṣé irọ́ lo sọ pé mò ń pa ni?" Ọmọ náà wo ojú mi. Ó ní, "Rárá o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó lọ mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá gbogbo sítáàṣì náà mọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá yẹn padà wá. A jókòó ní pálọ̀, ọmọbìnrin mi ń yí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ po. Ọkùnrin náà fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Sọ fún mi bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Ṣé lóòótọ́ ni o máa ń rìn?" Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá àgbà mi kì í purọ́, sà." Ọkùnrin náà ní, "Mi ò bi ọ́ nípa ìyá àgbà. Ìwọ ńkọ́?" Ó tún wò mí, ó ní, "Mo máa ń rìn, sà." Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin fojú ara yín rí i?" Ìyá rẹ̀ ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ láyé wà lórí ahọ́n mi. Mo ní, "Mo fojú ara mi rí i." Ó ti parí. Ọ̀gá bọ ọmọ náà lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "À bá fẹ́ràn láti ní ọ." Kí-nì-yẹn ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ awò gígùn yẹn, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi ń rí òkè lára òṣùpá?" Ó ní lóòótọ́ ni. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà." N kò gbọ́ kó bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo rí i mú sọ́dọ̀, àbí? Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí mú. Ọmọ tó ń gé okùn aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń fi so ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó sùn. Ìyá tó ní kí káfíńtà fi irin dí fèrèsé. Ilé tó dákẹ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ bó bá dàgbà díẹ̀ sí i, bó bá parí ìwé, bó bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó di alátùn-ún-ṣe aago, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀yin náà ń gbé aago lọ bá a. Ó gbéyàwó, ìyàwó náà bímọ, mo jó. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n wá bá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ṣé ọkọ mi ní obìnrin mìíràn ni?" Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kí ló dé?" Ó ní, "Kò sùn nílé láti ìgbà tí mo ti bímọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gbé ọmọ fún mi bí ẹni gbé iná, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù aago rẹ̀. Ó ní kí aládùúgbò òun máa ti ilẹ̀kùn mọ́ òun láti ìta. Ó ní òun lè dìde lójú oorun kí òun gbé ọmọ lọ síbi tí òun kò mọ̀. Ìyá, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Bó bá ń bá a lọ báyìí, màá padà sílé bàbá mi." Ó ń sọkún, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé bí mo bá kú láì sọ ọ́, òkúta ibojì mi ni wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ọn.

Kí-nì-yẹn ni mo kọ́kọ́ pè kí n tó pè yín. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò já mi lẹ́nu. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Gbogbo rẹ̀?" Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ti sítáàṣì, mo mọ̀ ọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí ipa orúnkún yín lẹ́bàá ògiri, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé." Mo ní, "O mọ̀ ọ́n? Kí ló wá dé tí o fi gbà á gbọ́?" Ó ní, "Mo rò ó títí. Mo ní Ìyá àgbà kì í purọ́. Ó ní láti jẹ́ pé mò ń rìn lóòótọ́, pé ọjọ́ tí mo fọ́n sítáàṣì nìkan ni n kò rìn, ẹ sì fẹ́ kí n rí àmì kan kí n lè máa ṣọ́ra. Mo rò pé ẹ̀ ń ràn mí lọ́wọ́ ni." Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, dárí jì mí." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dé fìlà náà, ó sì lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí mi láti ìgbà náà. Ó ní ọkọ òun sùn nílé. Tàbí kí n ní ó wà nílé: ó jókòó ti ibùsùn ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò pajú dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lánàá, ó ní ó sùn lọ lórí àga, ọmọ wà láyà rẹ̀, ó sì jí níbi tó sùn sí gan-an, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tìyanu-tìyanu. Kò tíì wá wò mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní ìkìlọ̀ kankan fún yín, ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi tí ọmọdé gbà gbọ́, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀: ẹ má fi ìgbàgbọ́ wọn dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín. Ọmọ mi, ìwọ nọ́ọ̀sì mi, mo gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ àti lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ní ti òun, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó bá wá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kíákíá. Bí kò bá wá, tí ẹ bá rí i pé ẹ̀mí ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, ẹ má ṣe lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ fún un. Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí di òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn.